Páálí Tí Àǹtí Mabel Fi Pamọ́ Sẹ́yìn Ìgbálẹ̀ Mi

Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Àǹtí Mabel, ní Yaba. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ nílé ìwádìí omi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sára káàdì, káàdì yẹn ni wọ́n sì fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe ń gbọ́ ọ o, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èdè méjì ni kọ̀ǹpútà náà ń gbọ́, ti àtijọ́ àti ti tuntun, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì kù fún ti àtijọ́: tí òjò bá ti ń pọ̀, òun ló ń ṣírò ọjọ́ tí ọ̀sà máa kún àti ibi tómi máa dé. Àǹtí Mabel á wá tẹ̀ lé mi lọ sí Makoko lọ́dọ̀ Adùnọlá àbúrò mi, tó ń yan ẹja nínú ilé orí omi, á fi ọwọ́ lé òpó ilé, á ní, "Ibí ló máa dé." Kò sẹ́ni tó rán an.

Ní oṣù kejì ọdún 1974, ọ̀gá tuntun wa, Dókítà Gbádé, ní kí wọ́n yọ èdè àtijọ́ kúrò, pé ó kàn ń gba àyè ni.

Àǹtí Mabel ní, "Iṣẹ́ òjò ṣì wà lórí rẹ̀, sà."

"Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ á pariwo."

"Inú ẹ̀ẹ̀rùn la wà, sà. Ẹni tó máa pariwo ò tíì dé."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Tó bá dé, ẹ ní kó kọ lẹ́tà sí mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn káàdì tí èdè náà wà lára wọn dànù.

Èmi ni mo máa ń kó káàdì àlòkù fún Adùnọlá, ó máa ń fi í dáná lábẹ́ ẹja. Nígbà tí mo rí páálí kan tó kún fún káàdì lẹ́yìn ìgbálẹ̀ mi, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ta ló ń sọ nǹkan fún agbálẹ̀? Mo gbé e lọ.

Oṣù kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kò dá. Àǹtí Mabel wá bá mi, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé aláìsàn.

"Ìyá Saidat, páálí tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn ìgbálẹ̀ yín dà? Mo fẹ́ dá èdè yẹn padà sínú ẹ̀rọ kí Dókítà tó dé."

Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ìdọ̀tí ni? Mo ti gbé e fún Adùnọlá."

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó mú agbòjò rẹ̀, a jọ kọrí sí Makoko.

Adùnọlá ń fẹ́ iná nígbà tá a dé. "Ẹ̀gbọ́n, káàdì yẹn mà jó dáadáa o. Ó ti tán. Ṣé ẹ ṣì ní sí i?"

Omi ń lu òpó lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

"Kó ẹja rẹ sókè," ni Àǹtí Mabel wí. "Kó àwọn ọmọ náà sókè."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ọjọ́ wo ló ń bọ̀? Ibo ló máa dé?"

Àǹtí Mabel gbé ọwọ́ sókè síwájú òpó, kò mọ ibi tó máa gbé e lé.