Àbàtà Ìdí Oko Obì

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mo wà ní kíláàsì kẹta ní Ìjẹ̀bú-Òde, iná ìgbẹ́ jó oko obì ìyá àgbà mi. Àwọn ará ilé sọ pé ọyẹ́ ọdún náà ló le jù. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe ọyẹ́ nìkan.

Oko náà wà lẹ́yìn Ìmùṣin, odò kékeré kan sì ṣàn gba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró, ìyá àgbà a fi ọparun àti amọ̀ sé odò náà, kí omi lè tàn sábẹ́ àwọn igi ògùrọ̀ títí ilẹ̀ ibẹ̀ yóò fi di àbàtà. Ó ní bí iná bá rìn dé ilẹ̀ tútù, ibẹ̀ ni yóò sùn sí. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀: oko òdìkejì di eérú, tiwa kò gbóòórùn èéfín. Obì yẹn ló rán bàbá mi níléèwé, òun náà ló sì ń rán èmi.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá àgbà lọ síbi òkú ní Ìbẹ̀fun. Àbúrò bàbá mi, ẹni tí ó kọ́ mi ní ìwé kíkà, mú mi lọ sí etí odò.

“Ọ̀mọ̀wé, gbé agbọ̀n. A ó gbọ́n ẹja.”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú amọ̀ yẹn. Màmá á bínú.”

“Ta ni yóò sọ fún un? Àrọ̀ tó wà nínú omi yìí tóbi ju orí rẹ lọ, tòun ti gírámà tó kún inú rẹ̀!” Ó rẹ́rìn-ín. “Kí oòrùn tó wọ̀, màá ti dí i padà. Ṣé mo ti parọ́ fún ọ rí?”

Kò parọ́ fún mi rí. Mo gbé agbọ̀n. Ó tú amọ̀, omi sì ṣàn lọ. Nígbà tí ẹja kún agbọ̀n, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé, òun yóò dí omi. Ní alẹ́, ìyá àgbà jẹ nínú ẹja náà, ó sì bi wá níbi tí a ti rí i. Bọ̀ọ̀dá ní ọjà ni. Mo panu mọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí iná dé. Àbàtà ti gbẹ, ó ti sán bí ìdí ìkòkò àtijọ́, iná sì gba orí ewé ògùrọ̀ gbígbẹ kọjá bí onílé.

Lójú gbogbo ẹbí, láàárín eérú, bọ̀ọ̀dá nawọ́ sí mi. “Ọmọ yìí ni mo ní kó dí odò náà padà. Ìwé ló gbé e lọ́kàn lọ.”

Ìyá àgbà wò mí. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Mo la ẹnu, mo sì rántí ẹja tí ó jẹ, tí mo jókòó tì í tí n kò sọ̀rọ̀. Mo dorí kodò.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó tún sé odò nítorí ìwọ̀nba igi obì tí ó kù. Mo bá a po amọ̀, mo sì dí gbogbo àlàfo ọparun dáradára. Nígbà tí mo parí, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ibi tí mo dí wò, lọ́kọ̀ọ̀kan.