Kozhukattai Oníkòkó

Ọwọ́ ni Thaiyalnayaki fi ń mọ adùn oúnjẹ, kì í ṣe ẹnu. Ọwọ́, imú, etí. Bí omi bá ń hó nínú ìkòkò, ó ti mọ̀ láti inú yàrá bóyá ooru náà tó tàbí kò tó. Bí ó bá fi ìka méjì fa ṣúgà ìrèké tó ń yọ́, ó ti mọ̀ bóyá ó ti dì. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe kozhukattai fún Pillaiyar olórí erin, òrìṣà àdúgbò wọn ní ìlú Kumbakonam, ní India. Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́jọ lọ́dọọdún. Ìyẹ̀fun ìrẹsì funfun lóde, àgbọn àti ṣúgà nínú. Kò tọ́ ẹyọ kan wò rí kí òrìṣà tó gbà á.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà náà, ìyàwó tuntun tí kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń tọ́jú ṣíbí sí. Àgbọn ń dín lórí iná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, ọmọbìnrin náà gbàgbé ara rẹ̀, ó lá ìka. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò pariwo. Ó gbé odindi ìkòkò náà, ó dà á fún màlúù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ìyàwó lọ wẹ̀, kí ó sì wá fọ́ àgbọn mìíràn.

“Ahọ́n rẹ ti ṣáájú Pillaiyar dé ìdí oúnjẹ.”

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó tó.

Thaiyalnayaki ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin báyìí. Ọkọ rẹ̀ tó ń ka mítà iná ti kú. Ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Chennai, Mangai ìyàwó ọmọ náà ló ń bá a gbé. Tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é ní Paatti, ìyá àgbà. Kì í ṣe ewú orí ló fún un lórúkọ yẹn. Kozhukattai ni.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Ilamaran fi dùn ún dé egungun.

Ilamaran ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkángun òpópó. Ó wá ní ọjọ́ mẹ́wàá kí ọdún Pillaiyar tó pé. Wọ́n ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọdé kì í jẹ kozhukattai mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀bá gọ́tà ni wọ́n ti ń ṣa àjẹkù rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti wá rò ó pé kí àwọn lọ ra kéèkì inú páálí.

“Paatti, ẹ ti ṣe é tó. Ẹ wá sinmi.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé ó rẹ̀ mí?”

“Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ni. Ṣokoléètì ni wọ́n fẹ́.”

“Pillaiyar ńkọ́? Ṣé òun náà ti sọ fún ẹ pé kéèkì lòun fẹ́?”

Ilamaran ń wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Kò tíì pe fóònù mi.”

“Tó bá pè, gbé e fún mi. Fún mi lọ́dún yìí. Tí ọmọ kan bá ju ẹyọ kan ṣoṣo nù, kí kéèkì máa bọ̀ títí ayé. Mi ò ní bá yín jà.”

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́.

Ẹ̀gbọ́n Mangai ní oko ní apá Pollachi. Àgbọn lókè, kòkó nísàlẹ̀. Ó máa ń fi ìyẹ̀fun kòkó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, Mangai á sì gbé e pamọ́ nítorí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Thaiyalnayaki gbé e jáde. Bí àgbọn àti kòkó bá lè gbé pọ̀ lóko láìjà, kí ló dé tí wọn ò ní lè gbé pọ̀ nínú kozhukattai?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò. Ọjọ́ lásán ni, oúnjẹ ilé lásán, kì í ṣe ti òrìṣà, nítorí náà wọ́n ń tọ́ ọ wò bó ṣe wù wọ́n. Àkọ́kọ́ korò bí dóńgóyárò. Èkejì yọ́, ó jò jáde, ìsàlẹ̀ ìkòkò dà bí ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Thaiyalnayaki po kòkó mọ́ ṣúgà lórí iná kí àgbọn tó wọ ibẹ̀, ó rò ó títí ó fi ṣù. Ó dúró. Awọ funfun, inú dúdú. Mangai jẹ márùn-ún.

Ìyá àgbà jẹ ẹyọ kan, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu títí.

“Ó dùn,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ó dákẹ́.”

Kò mọ ohun tó kù. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò ti jẹ ṣúgà ilé tán. Ní òwúrọ̀ ọdún, Mangai sáré lọ sí ìsọ̀ tó kọ́kọ́ ṣí, ó ra odindi ìṣù ṣúgà ìrèké kan. Thaiyalnayaki fi ọmọ odó là á sí méjì. Ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ṣúgà náà ń làágùn.

Ó yọ́ díẹ̀ nínú ṣíbí, ó dà á sínú wàrà gbígbóná. Wàrà náà dì, ó já sí wẹ́wẹ́.

“Ilẹ̀ oníyọ̀ ni wọ́n ti gbin ìrèké yìí.”

Mangai jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àlùfáà ń bọ̀ ní agogo mẹ́wàá, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan náà ni gbogbo ìsọ̀ tó wà nítòsí ti ń kó ṣúgà. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

“Atthai,” ni Mangai wí, orúkọ tí ìyàwó ilé fi ń pe ìyá ọkọ, “ẹ jẹ́ n fi ahọ́n kàn án. Díẹ̀ báyìí. Ká lè mọ bí iyọ̀ yẹn ṣe tó. Kò sẹ́ni tó ń wò wá.”

“Èmi ń wò ẹ́. Ìwọ náà ń wò mí.”

“Ká ṣe èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sínú rẹ̀ nígbà náà. Òun ò gba ṣúgà.”

“Ti àgbọn pàápàá, wọ́n jù ú sí gọ́tà lọ́dún tó kọjá, ṣé ti ẹ̀wà ni wọ́n á jẹ?”

Ó dúró ti iná. Ọwọ́ kan ní ìbàdí. Bó bá jẹ́ ti àgbọn lásán ni, iyọ̀ yìí ì bá bà á jẹ́, màlúù ni wọn ì bá dà á fún. Ṣùgbọ́n kòkó ni. Kòkó tó dùn tó dákẹ́. Kí ni èèyàn ń sọ sínú ọbẹ̀ tó dákẹ́? Ọ̀rọ̀ náà wá yé e lójijì, bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ ní ọwọ́ ara rẹ̀. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ kẹrin nìyí, oníṣòwò ló gbé e wá bá a nílé.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó da ṣúgà náà sórí iná. Ó fi ẹ̀kúnwọ́ kòkó kan lé ti tẹ́lẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń ro ìyẹ̀fun ìrẹsì máa ń gba iyọ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ náà kò fi ẹyọ kan sí i. Kí awọ ṣófo, kí inú sọ̀rọ̀. Ó ń yí i láàárín ìka, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń fetí sí ìró rẹ̀ lára agbada. Mangai ń mọ ọ́n, òun ń kà á. Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́jọ. Ahọ́n àwọn méjèèjì kò kan ẹyọ kan.

Àlùfáà dé. Agogo dún, iná káfúrà yí Pillaiyar alámọ̀ ká lábẹ́ agboòrùn rẹ̀ tí wọ́n fi bébà ṣe. Òrìṣà gbà. Yóò bá wọn gbé fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e lọ rì sódò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.

Ọmọbìnrin kékeré kan yẹ tirẹ̀ wò lábẹ́ oòrùn, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó dúdú nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó jẹ ẹ́ kó mọ̀. Ó gé e jẹ. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ó ti gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, ó sì padà sórí ìlà. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà padà. Láìpẹ́ ìlà kò ní ìdí mọ́. Mangai ti yí gọ́tà po lẹ́ẹ̀mejì. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi pín in nìkan ni ó rí níbẹ̀.

Ilamaran wá, tìtìjú tìtìjú. Ó jẹ ẹyọ kan. Ó dúró láàárín ìjẹ.

“Paatti, iyọ̀ wà nínú ẹ̀.”

Mangai wolẹ̀.

“Ó wà,” ni Thaiyalnayaki wí.

Ilamaran gbé òmíràn. Ó tún gbé ẹyọ kan sínú áńkáṣíìfù fún ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, bóyá igba kò ní pọ̀ jù fún Paatti lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹyọ kan ló kù nínú àwo. Paatti mú un, ó jókòó sórí pẹpẹ ẹnu ọ̀nà, ó jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ padé. Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

“Mangai,” ni ó wí nígbà tó gbé e mì, “padà sí ìsọ̀ tó o ti ra ṣúgà yẹn. Àwọn èèyàn á ti máa dá tiwọn padà. Ní kí onísọ̀ má jù ú nù o, a ó rà á. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Pillaiyar tó lọ sódò.”