Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ káfíńtà ló kọ́ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n jọ fi la pákó nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, kí ọwọ́ àbúrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, tí òun fúnra rẹ̀ sì wá ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, ó gé pákó ilẹ̀kùn oníbàárà wọn wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ̀gbọ́n gba ayùn lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

“Ọ̀mùtí ò la pákó níbí. Máa lọ sílé ẹ.”

Bẹ́ẹ̀, àbúrò ò fẹnu kan ọtí rí. Ọdún méjì kọjá kí dókítà tó rídìí ẹ̀: sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọmọ ogun ara, ló kẹ̀yìn sí i, tí wọ́n ń bó ohun tó bo iṣan ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tá a ní kó ṣọ́lé ló di olè.

Obìnrin kan tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn ń ṣèwádìí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńsáìmù inú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, ohun tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, ń ṣiṣẹ́ jù lára irú aláìsàn yìí. Ó wá nílò ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá àbúrò yìí kan tára rẹ̀ dá, láti fi wé tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yẹn nìkan ni àbúrò sì ní. Obìnrin náà pè é lórí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n wá lóòótọ́, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lórí rẹ̀. Àbúrò kí i. Obìnrin náà ni ẹ̀gbọ́n kọjú sí.

“Ọtí tó mu lẹ ṣe fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ mi?”

“A ti ya àwòrán ọpọlọ àbúrò yín, ọ̀gá. Ojú ọgbẹ́ mẹ́sàn-án la rí. A ò rí ọtí. Ẹ ká apá aṣọ yín sókè.”

Ó ká a sókè. Obìnrin náà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ìgò kékeré kan fi kún.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n padà wá gbọ́ èsì. Ẹ́ńsáìmù ti àbúrò ń ṣiṣẹ́ ju ti ẹ̀gbọ́n lọ, àmọ́ obìnrin náà ní èèyàn méjì ò tó ṣèdájọ́, ó ṣì ku ọgọ́rin tóun máa yẹ̀ wò.

“Ṣé tèmi dáa?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

“Ó wà níwọ̀n.”

“Mo ti mọ̀.”

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n dúró. “Àyè ẹ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wàá máa jókòó gba àwọn oníbàárà.”

Àbúrò fara ti ọ̀pá tó fi ń rìn, ó dúró de gbólóhùn ẹ̀bẹ̀ kan tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn. Kò gbọ́ ọ.

“Ẹ̀jẹ̀ yín la tọrọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò tọrọ yín.”

“Aláìmoore.”

“Mo dúpẹ́ ẹ̀jẹ̀.”

Ní báyìí, àwòrán ilẹ̀kùn àti àga ni àbúrò ń fi rúlà yà díẹ̀díẹ̀ sórí ìwé nílé, táwọn káfíńtà ń wá rà. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ọ̀kan. Mẹ́rin wà lórí tábìlì. Ó ní kí wọ́n sọ fún un pé kò sí.