Orí Tí Mo Fá ní Corduff

Òórùn ajá tí òjò pa ni òórùn àkọ́kọ́ tí mo dá mọ̀ ní Dublin. Ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó wà lára kóòtù àwọn èèyàn, ó sì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tó tẹ̀ lé tiwa ní Corduff, níbi tí ọ̀rẹ́ ọmọ mi ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi, o bi mí lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn pé kí ni mo fẹ́ràn, kí ni mo kórìíra ní erékùṣù yìí, mo kàn rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí n dáhùn báyìí. Mo fẹ́ràn omi ẹ̀rọ tí èèyàn lè mu láìsè é. Mo fẹ́ràn pé kò sí ẹ̀fọn, àti pé èrò máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rí mi lára pọ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n máa ń fọ abọ́ gbogbo ilé nínú bàsíà kan ṣoṣo, wọ́n á yọ ọ́ tòun ti ìfófó ọṣẹ, wọ́n á fi aṣọ nù ún; wọn kì í fi omi ṣan án. Wọ́n ń wọ bàtà gun kápẹ́ẹ̀tì. Ajá ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Nílé tí mo wí yìí, ó ṣojú mi: ajá lá abọ́ tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán nínú rẹ̀, ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì gbé abọ́ náà sínú bàsíà pẹ̀lú àwọn yòókù, ó ń kọrin lọ.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun jíjẹ tí obìnrin yẹn bá fi rán ọmọ mi, inú bíìnì ni mo ń dà á sí. Kéèkì ni o, bisikíìtì ni o. Ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, máa ń dúró wò mí títí ìdérí bíìnì á fi padé. 

Lọ́dún yẹn, ìyàwó mi lọ sí Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tọ́jú ìyá rẹ̀. Ó di irun ọmọ náà kó tó lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ kọkànlá, irun ti tú, èmi kò sì mọ irun dì. Mo fi rọ́bà so ó sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé ìwé fi ìwé ránṣẹ́ pé iná orí ti wọ kíláàsì wọn. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni ń kéde pé òjò lè rọ̀ lọ́la.  Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ìtìjú tí èèyàn kì í jẹ́ kí àlejò gbọ́ ni iná orí.

Ọmọ mi fi Gẹ̀ẹ́sì Dublin rẹ̀ sọ fún mi pé gbogbo èèyàn ló máa ń ní i, pé kò sí wàhálà, pé ó "grand", ó dáa.

Mo ní, "Kì í ṣe ọmọ tèmi."

Mo ti mọ ẹni tí mo fura sí: ọ̀rẹ́ rẹ̀ onírun pupa yẹn, tí òun àti ajá jọ ń sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ilé ìwé kí agogo tó lù, mo sì ní kí tíṣà má jẹ́ kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ mọ́. Ó gbà, tìkọ̀tìkọ̀. Ọmọ mi ní ọ̀rẹ́ òun sunkún.

Ọjọ́ kẹta ni ọmọ tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Mo mú un dé ojú fèrèsé, mo ya irun náà sí méjì, mo sì rí wọn. Ẹyin funfun lẹ̀ mọ́ ìdí irun lẹ́yìn etí, ọ̀kan tó sanra sì ń rìn lọ ní tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì. Mo ka mẹ́tàdínlógún kí n tó dáwọ́ dúró.  Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Èmi kò ní sùúrù èékánná. Mo ṣe ohun tí bàbá mi máa ń ṣe fún wa: mo mú kílípà.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fá a. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Ọmọ tí mo ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí pé kó máa fi Yorùbá dá mi lóhùn, ọjọ́ yẹn ló fi Yorùbá bẹ̀ mí. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo di irun náà sínú ọ̀rá méjì, mo fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi sì balẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣiṣẹ́ gidi.

Ìyàwó mi rí i lójú fóònù, ó pariwo: "Dádì wa! Ta ló rán yín níṣẹ́? Bí ẹsẹ̀ bá ń yún un, ṣé ẹ máa gé ẹsẹ̀ náà ni?"

Fìlà òtútù ni ọmọ náà dé lọ sílé ìwé. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì bá èmi náà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, òjò ti pa á, ó gbé páì ápù dání, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó na káàdì kan sí mi. Àlùfáà Kátólíìkì ti fọwọ́ sí i pé àwọn yóò dárúkọ ọmọ mi nínú ìsìn Máàsì fún àwọn aláìsàn. Mo ti kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù nínú ọkàn mi kó tó yé mi: ọmọ rẹ̀ ti sọ fún un pé kò sí irun lábẹ́ fìlà yẹn mọ́, obìnrin yìí sì rò pé oògùn jẹjẹrẹ ló mú irun ọmọ mi lọ.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Kí ló dé tí o kò sọ fún wa? Mo bínú sí ẹ nígbà tí wọ́n ya àwọn ọmọ wa sọ́tọ̀. N kò mọ̀ pé o kò fẹ́ kí ọmọ rẹ kó òtútù lára àwọn ọmọ yòókù ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

 Irọ́ náà kò tẹnu mi jáde. Bí mo bá ṣáà ti dákẹ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi jókòó lórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn mi, kò dé fìlà, ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nídìí bíìnì.

Mo ní, "Iná orí ni. Mo rò pé ara ọmọ rẹ ló ti kó o. Èmi ni mo ní kí wọ́n yà wọ́n."

"Iná orí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O sì fá orí ọmọ kodoro nítorí iná?" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tó wo ẹ̀yìn mi, tó rí orí náà, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó rọra ní, "Ọmọ tèmi kò ní i. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò." Kò gba káàdì náà padà. Ó ní àdúrà kì í bàjẹ́.

Irun ajá kan wà lórí páì náà, funfun, ó dúró gbọnrangandan. Ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀ wá dúró, ó wo bíìnì, ó wò mí. Mo yọ irun náà, mo gé páì, mo jẹ ẹ́. Ó dùn. N kò ní purọ́ fún ọ: bí mo ṣe ń gbé e mì ni mò ń rí ahọ́n ajá lójú abọ́. Mo jẹ ẹ́ tán. Òun náà mú ègé kékeré kan, ó gòkè lọ.

N kò yí padà, o. Títí dòní, n kì í mu tíì nínú kọ́ọ̀bù tí wọn kò fi omi ṣan, ajá ṣì ń rí mi lára. Ṣùgbọ́n mo ṣọ́ ọmọ mi lọ́wọ́ abọ́, lọ́wọ́ ajá, lọ́wọ́ ọmọ onírun pupa, síbẹ̀ nínú gbogbo ọwọ́ tó wà ní Corduff, ọwọ́ tèmi ló ṣe é léṣe. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, irun rẹ̀ ti dé èjìká. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, bí mo bá tan kílípà láti gé irùngbọ̀n kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń rọra ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Bí o bá tún bi mí ohun tí mo kórìíra jù ní erékùṣù yìí, ìró ilẹ̀kùn yẹn ni.