Ìwé Ìdìbò Tí Mo Jù Sínú Àgbá

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìbò ìyá àgbà kan jẹ́, mi ò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú nílé wọn. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ Màmá kan ní Dacula, ìlú kékeré kan nítòsí Atlanta, ni mo máa ń wà. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Ọmọ Galicia ni wọ́n, agbègbè kan lórílẹ̀-èdè Spain tó wà létí òkun. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni wọ́n nígbà tí ọkọ wọn mú wọn wá sí Amẹ́ríkà. Ọkọ náà ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ń gbé ní Hampton, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Tèmi ń dún bíi Yorùbá, tiwọn ń dún bí èdè ìlú wọn, a sì ń gbọ́ra wa yé. Ọmọ mi ni wọ́n ń pè mí.

Ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn wọlé, ṣùgbọ́n wọn ò lè kàwé. Èmi ni mo máa ń kó lẹ́tà wọn wọlé láti inú àpótí iwájú ilé, ìpolówó ló sì máa ń pọ̀ jù níbẹ̀: ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó ní ilé ìtajà ńlá Buford, dókítà eyín. Lọ́jọ́ Ajé, àpò ìwé funfun ńlá kan wà láàárín wọn. Ó nípọn, èdè tó wà lára rẹ̀ ò sì yé mi. Mo rò pé ìpolówó ni òun náà. Mo da gbogbo wọn sínú àgbá tí a ń kó bébà sí, mo lọ gbé oúnjẹ kaná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mò ń ya irun Màmá lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, lẹ́tà kankan ò tíì dé láti ìlú wa?"

"Lẹ́tà wo nìyẹn, Màmá?"

"Ìwé ìdìbò mi. A fẹ́ dìbò sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin agbègbè wa. Wọ́n máa ń fi í ránṣẹ́ sí àwa tá a wà lẹ́yìn odi. Àpò funfun ni, ó máa ń tóbi."

Kóòmù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń wá kó ìdọ̀tí ládùúgbò yẹn, èmi fúnra mi ni mo sì ti ti àgbá náà lọ sétí títì nígbà tí mo dé. Mo sáré jáde tèmi ti sílípáàsì lẹ́sẹ̀, mò ń gbọ́ ìró ọkọ̀ akódọ̀tí ní òpópónà kejì. Mo ṣí àgbá, mo tẹ orí bọ inú rẹ̀. Páálí, ìwé ìròyìn, ike mílíìkì. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn dúró, ó bi mí bóyá mo fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Mo ní rárá, ẹ ṣé. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá a. Kọfí ti rin ín ní igun kan, ṣùgbọ́n ó ṣì wà ní lílẹ̀. Ọkọ̀ náà ya wọ òpópónà wa bí mo ṣe ń fi ẹ̀wù mi nù ún.

Mo lè parọ́. Mo lè ní àárọ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, mo gbé àpò náà lé wọn lọ́wọ́, mo sọ ohun tí mo ṣe.

Wọ́n gbé e sí imú.

"O ti pẹ́ jù ní Amẹ́ríkà," wọ́n ní. "Ohun tí o kò bá ti lè kà, ìpolówó ni lójú ẹ."

Ó dùn mí, torí pé òótọ́ ni.

Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n tó ní kí n ṣí i lórí tábìlì ìdáná. Kò rí bíi tiwa nílé, níbi tí ààmì gbogbo ẹgbẹ́ ti máa ń wà lórí bébà kan, tí èèyàn á wá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Tiwọn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bébà tirẹ̀, orúkọ àwọn olùdíje sì tò lọ láti òkè délẹ̀. Èyí tó bá wù ọ́ lo máa fi sínú àpò kékeré, wàá lẹ̀ ẹ́, ó parí.

"Kà á fún mi," Màmá ní.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn èèyàn yẹn bí ẹni ń ka orúkọ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kíláàsì. Mo ti ṣe tíṣà rí nílé, ọ̀nà tí mo mọ̀ nìyẹn. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ikùn mú. Inú tó ń bí wọn sì lọ. Nígbà míì wọ́n á ní kí n tún orúkọ kan pè, wọ́n á ní, "Ìdílé yẹn! Bàbá wọn àgbà ló ń yan búrẹ́dì fún gbogbo àdúgbò wa." Ojú tí ò ríran yẹn á máa wo ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní kí n mú bébà ẹgbẹ́ tó kéré jù lọ́tọ̀.

"Ṣé wọ́n máa wọlé?" ni mo bi wọ́n.

"Wọlé kẹ̀? Wọn ò ní sún mọ́ ọn."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ fi ìbò yín ṣòfò, Màmá?"

Wọ́n ní kí n gbé ọsàn mẹ́wàá wá látinú abọ́. Wọ́n fi ọwọ́ wá wọn, wọ́n pín wọn bí ẹni ń pín ìjókòó ilé aṣòfin. Ẹgbẹ́ tó bá ní ìdajì ìbò á kó márùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e lè kó mẹ́ta, òmíràn á mú ẹyọ kan. Ẹni tó bá kéré jù pátá ò ní rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi díẹ̀ pọ̀ sí i, wọ́n lè rí ẹyọ tó kù. Wọ́n gbé ọsàn kan ṣoṣo yẹn síwájú mi.

"Ẹyọ kan yìí á dìde, á sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin. Wọ́n gbọ́dọ̀ dákẹ́ gbọ́ ọ."

Bí mo ṣe ń wo ọsàn yẹn ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ bàbá mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, nílùú wa tí kò jìnnà sí Ìkìrun. Ẹgbẹ́ kan fẹ́ yan ẹni tí wọ́n máa fà kalẹ̀ fún káńsẹ́lọ̀. Ìlà ni wọ́n ń tò láyé ìgbà yẹn. Wọ́n gbé àwòrán àwọn olùdíje ró sórí pápá ilé ìwé, ẹni tó o bá fẹ́ lo máa tò sẹ́yìn àwòrán rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Mẹ́ta ni wọ́n: ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì, ọ̀gá ilé ìwé kan, àti aránṣọ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ìlà onísìmẹ́ńtì gùn dé ìdí igi máńgòrò, ó tún ṣẹ́rí padà. Ìlà ọ̀gá ilé ìwé dé ojú góòlù. Lẹ́yìn aránṣọ, èèyàn mẹ́rin ló wà: òun fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀, àti bàbá mi.

Oòrùn mú. Èmi ni mo di agboòrùn mú lórí bàbá mi. Ìyá mi wà lórí ìlà tó gùn jù, ó ń juwọ́, ó ń pariwo pé, "Ẹ máa bọ̀ níbí o! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!" Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè, ó kí ìyá mi bí ẹni pàdé rẹ̀ lọ́nà oko. Ìtìjú mú mi débi pé mo fa agboòrùn náà wálẹ̀ bo ojú mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," mo ní.

"Wọn ò tíì kà wá."

A dúró. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ tó ń ka orí dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń fi ọwọ́ kan wọn lórí: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Lórí ẹ̀rin, ọwọ́ rẹ̀ ba fìlà bàbá mi. Bàbá mi tún fìlà ṣe, ó ní ó tó, a lè máa lọ. Nígbà tí wọ́n kéde ẹni tó wọlé, wọn ò tiẹ̀ dárúkọ aránṣọ. "Mẹ́rin ni wá," bàbá mi ń sọ lórí àga rẹ̀ nílé. "Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́." Lọ́jọ́ kejì aránṣọ wá sílé wa, àwọn méjèèjì jẹ iyán nínú àwo kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí mi ò mọ̀. Bí mo bá pa ojú dé, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Atlanta ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì pé, mi ò lè lọ sìnkú rẹ̀.

Mo sọ ìtàn náà fún Màmá. Lọ́dọ̀ tiwa, mo ní, ẹni tí ìlà rẹ̀ gùn jù ló kó gbogbo ọsàn.

"Aránṣọ yẹn, ṣé ì bá ti ṣe dáadáa?"

"Mi ò mọ̀, Màmá. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ká bébà, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ahọ́n lá àpò náà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́.

Mi ò láṣẹ láti gbé wọn jáde lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ láìsọ fún ọmọ wọn, nítorí náà mo pè é lórí fóònù, mo gbé e sórí tábìlì kí Màmá náà lè gbọ́.

"Mọ́mì, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí ẹ ti kúrò níbẹ̀," ọmọ náà ní. "Kí lẹ fẹ́ fi ìbò ṣe?"

Màmá fi èdè wọn dá a lóhùn, gbólóhùn kan péré. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà sọ fún mi pé kí n má gbé wọn lọ síbì kankan, òun á wá fúnra òun.

Ó gbàyè níbi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú, ó wakọ̀ wá láti Hampton. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Buford. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé àpò náà. Wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tẹ́tí.

"Ṣé ó ti tẹ òǹtẹ̀ lù ú?"

"Ó ti tẹ̀ ẹ́, Mọ́mì."

Nígbà tí à ń padà, èdè wọn ni wọ́n ń sọ níwájú, èmi sì jókòó sẹ́yìn. Èdè náà ò dán mọ́rán lẹ́nu ọmọ yẹn. Màmá ń tún un ṣe, òun náà ń tún un sọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo rántí ọmọbìnrin tèmi, tó sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ọkọ òun ń jo epo, pé òun máa gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọkọ̀ ló fẹ́ sọ. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mi ò tún un ṣe fún un.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìdìbò náà. Aago méjì ọ̀sán tiwa ni wọ́n máa ṣíwọ́ ìdìbò lọ́hùn-ún, tí èsì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n Màmá ti bẹ̀ mí kí n wá ka èsì fún wọn. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Dacula ni mò ń lọ, kí ó máa kó àwọn ọmọ lọ sílé.