Òkè Tí Bàbá Mi Fi Ṣe Àmì

Mo kórìíra ọyẹ́. Lọ́dún tí mo ń ṣe tíṣà, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ bàbá mi ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, bí mo bá gbálẹ̀ láàárọ̀, eruku á ti bò ó kó tó di ọ̀sán. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Ọ̀nà Mẹ́kà ni ìyá mi kú sí, láàárín aṣálẹ̀, nígbà tí àwọn àti bàbá mi jọ wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Ìdí òkè iyanrìn kan lẹ́bàá abúlé kan ni wọ́n sin ìyá mi sí. Ọmọ Ìbàdàn ni bàbá mi, òkè la sì fi ń júwe ọ̀nà níbí. Ta ló jí rí tí kò bá Òkè Màpó níbi tó fi í sí?

Nígbà tí ọ̀rẹ́ bàbá mi, ará Ìsàlẹ̀ Òsì, fẹ́ lọ Mẹ́kà, bàbá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yà síbẹ̀, kí wọ́n ṣe àdúà sí sàréè náà. Ọ̀rẹ́ dé, wọ́n ní àwọn rí abúlé, àwọn ò rí òkè kankan. Bàbá mi ní irọ́ ni, pé wọn ò yà rárá. Bí ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe ṣe tú ká nìyẹn.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe irọ́. Èmi náà ni mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kíláàsì bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kó iyanrìn kiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí láti sọ fún bàbá mi, mo panu mọ́ fún odidi ọdún kan.

Lọ́jọ́ kan tí bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ̀rẹ́ wọn, ó sú mi. Mo da gàrí jọ sórí tíréè bí òkè, mo fi òkúta kékeré kan sí ìdí rẹ̀ bíi sàréè, mo mú abẹ̀bẹ̀, mo ń fẹ́ ẹ. Gàrí ń ta lọ sókè níhà ọ̀dọ̀ mi, ó ń ya lulẹ̀ níhà kejì, títí ó fi bo òkúta. Mo ń fẹ́ ẹ lọ. Òkè kọjá, ó dé etí tíréè, òkúta nìkan ló kù lẹ́yìn. Mo ní bí tibẹ̀ ṣe ń rìn nìyẹn, lọ́dọọdún.

Bàbá mi wo òkúta náà títí.

"Dírẹ́bà gbé òkúta wá lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ, pé ká fi ṣe àmì," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ní kó gbé e dànù, pé òkè tó."

Wọ́n wọ bàtà, wọ́n lọ bẹ ọ̀rẹ́ wọn. Mo jókòó ti tíréè, mo ń sunkún ìyá mi. Eruku ti tún bo ilẹ̀. N ò gbá a lọ́jọ́ yẹn.