Abẹ́rẹ́ Ọjà Keje

Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo fi gba digirí. Ní àwọn ọdún 1990, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìlá bí oyún ṣe ń dúró. Ẹ̀rí pé mo mọ̀ ọ́n wà nílé: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fún mi láyè n'Íbàdàn láti wá gba digirí kejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni oyún gba àyè náà mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí lẹ́tà kẹta dé, mo ti bí ọmọ mẹ́ta. Mo gba ibùdó ìlera lọ, mo ní kí nọ́ọ̀sì fún mi ní abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣooṣù.

"Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n méjìdínlọ́gbọ̀n ni o, tíṣà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Tí ẹ bá pẹ́ tí oyún bá dé, ẹ má wá bá mi jà."

Ọ̀làjú ni ọkọ mi. Ó máa ń bá àwọn bàbá ọlọ́mọ rẹpẹtẹ wí ní ìpàdé àwọn òbí. Ó fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ náà tayọ̀tayọ̀, ó kàn ní kí ìyá òun má gbọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀ ni ọ̀làjú rẹ̀ máa ń parí sí.

Ilé kan náà ni èmi àti ìyá ọkọ mi ń gbé. Ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n bí, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń wúre fún mi kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Ìyàwó, ìbejì ló kàn o!"

"Àmín, mà," ni mo máa ń dáhùn.

Ọ̀rọọrún ni wọ́n ń ná ọjà wa. Ọjọ́bọ̀ ọjà ni mo gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí mo sì padà lọ, ọjọ́ ọjà tún ni. Mo ní ojú rere Ọlọ́run ni, torí ó fún mi ní irọ́ tí mo lè pa: "Màmá, mo ń lọ sọ́jà." Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà, n kò rí i pé ọjà méje ni ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n.

Inú ìwé kan ni mo ń fi káàdì tí nọ́ọ̀sì ń kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ mi sí pamọ́ sí. Ní oṣù kẹfà, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yá ìwé náà lọ sí Ìgbájọ pẹ̀lú káàdì nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ wo? Mo ṣírò ṣírò, mo ní ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó sílé ní Ọjọ́bọ̀ kan, tí mò ń ka ìwé ní tèmi. Ìyá ọkọ mi dúró tì mí.

"Ìyàwó, o ò lọ sọ́jà?"

"Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ rà, mà."

"Ìgbà wo lo ra nǹkan rí? Ọjà mẹ́fà, èmi ni mò ń bá ọ rà á. Tó bá di ìkeje, ìwọ fúnra rẹ á lọ, wàá gbé ata mẹ́ta dé, wàá wá máa fi ìdí kan jókòó. Òní ni ìkeje. Dìde!"

Mo kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé Ìbàdàn, mo bẹ̀bẹ̀, mo bi wọ́n léèrè ìbejì tí wọ́n ń tọrọ.

"Ìyá ọkọ tí kò bá tọrọ ọmọ, kí làwọn ará àdúgbò fẹ́ máa pè é?" Wọ́n ti ń wé gèlè. "Má sọ fún ọkọ rẹ pé mo mọ̀ o. Ó ń gbádùn bó ṣe ń fi pamọ́ fún mi."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí àwa méjèèjì ní ibùdó ìlera, ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, abẹ́rẹ́ ibà la fẹ́ fún ìyàwó yín."

"Ibà tí ń ka ọjà! Ọmọ mi, ká ní ó wà láyé tiwa ni, ìdí méjèèjì ni ǹ bá fi gbà á. Ṣé òní kọ́ ló pé?"

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé ńlá rẹ̀. Òní ni. Ẹ̀rín wá pa á, abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi tí mo ti dojú bolẹ̀ pariwo pé kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán.

Ó rẹ́rìn-ín tán, ó gún mi ní abẹ́rẹ́. Nígbà tí ilé ìwé wọlé n'Íbàdàn lọ́dún náà, èmi nìkan ni mo lọ, kò sí ẹnì kejì nínú mi.